Ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná àfọwọ́ṣe

Ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná àfọwọ́ṣe ni ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn nílé tàbí nílé-ẹ̀kọ́, tí ó ń yí nítorí pé a ń mú afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú rẹ̀ gbóná, tí a sì ń mú un tutù, léraléra. Iná rẹ̀ kì í jó nínú ẹ̀rọ bí ti ọkọ̀ tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Ìta ni iná náà wà. Nítorí náà, igi ìdáná, èédú, ṣùkù àgbàdo, àbẹ́là tàbí ìtànṣán oòrùn lè yí i. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ẹ̀rọ yìí ni ẹ́ńjìnnì Stirling, tí ó ń jẹ́ orúkọ Robert Stirling, àlùfáà kan ní Scotland. Àwọn tí ó ń kàn án fún ìgbafẹ́ àti fún ẹ̀kọ́ wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Agolo, wáyà, rọ́bà àti sùúrù ni olórí ohun èlò wọn.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí irú èyí tí a fi agolo ṣe. Ilẹ̀ Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun èlò, iná àti ojú ọjọ́.

## Orúkọ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́

Èdè Yorùbá kò tíì ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí fún ẹ̀rọ yìí. *Ẹ̀rọ* gbòòrò jù, nítorí pé ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pọ̀. *Ẹ́ńjìnnì* ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun tí ó ń sọ iná di ìyípo, òun náà ni a sì lò níhìn-ín. Láti ẹnu wọn náà ni a ti mú *sílíńdà*, *písítìnì* àti *kíráńkì*. Fún ẹ̀yà tí ó ń lé afẹ́fẹ́ láti apá kan sí apá kejì, a lo *aṣínípò*. Fún ẹ̀yà tí ó ń gba ooru sílẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó dá a padà fún un, a lo *ìpamọ́ ooru*.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní ilé àgbẹ̀dẹ rí yóò tètè lóye ẹ̀rọ náà bí ó bá rántí ẹwìrì. Ní àgbẹ̀dẹ, ọwọ́ ni ó ń ti ẹwìrì, ẹwìrì ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń mú iná ràn. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ètò náà yí padà: iná ni ó ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń ti ọwọ́ kíráńkì.

## Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná a máa wá àyè sí i. Bí a bá mú afẹ́fẹ́ láti 27 °C dé 327 °C tí ìtẹ̀ rẹ̀ kò sì yí padà, àyè tí ó gbà yóò di ìlọ́po méjì. Bí kò bá rí àyè, ìtẹ̀ rẹ̀ ni yóò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lo ìtẹ̀ yìí láti ti písítìnì, lẹ́yìn náà ó ń mú afẹ́fẹ́ kan náà tutù kí písítìnì lè padà wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kò sí èéfín tí ó ń jáde láti inú rẹ̀, kò sì sí epo tí ó ń wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní àárọ̀ náà ni ó wà níbẹ̀ ní alẹ́.

Iná kì í kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ìtutù kì í kúrò lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni aṣínípò ń gbé láti ibì kan sí ibì kejì. Ìpele mẹ́rin ni ìyípo kan ní:

1. Aṣínípò gòkè sí apá tútù. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sọ̀kalẹ̀ sí apá tí iná wà.
2. Afẹ́fẹ́ gbóná, ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ti písítìnì jáde. Ìpele yìí ni ẹ̀rọ ti ń rí agbára.
3. Wíìlì, tí ó ti gba nínú agbára náà pamọ́, fa aṣínípò sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ padà lọ sí apá tútù.
4. Afẹ́fẹ́ tutù, ìtẹ̀ rẹ̀ dínkù, písítìnì sì padà wọlé.

Aṣínípò kì í ṣe písítìnì. Kò fún mọ́ ara sílíńdà, kì í sì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó kàn ń gba àyè ni, kí afẹ́fẹ́ lè lọ sí apá kejì. Kí ètò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè tẹ̀lé ara wọn, kíráńkì ní ìtẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan fún aṣínípò, ọ̀kan fún písítìnì, tí igun àárín wọn jẹ́ 90°. Aṣínípò ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Ìtutù ṣe pàtàkì tó iná. Ní 1824, Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín apá gbígbóná àti apá tútù ni ó ń pinnu iye tí ẹ̀rọ kankan lè rí mú nínú ooru. Bí ìdí agolo bá wà ní 300 °C tí orí rẹ̀ sì wà ní 35 °C, ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù rárá kò lè sọ ju nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà di iṣẹ́. Ẹ̀rọ alágolo kì í sún mọ́ ìwọ̀n yẹn rárá, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ń gba ara páànù kọjá lọ sí apá tútù láìṣe iṣẹ́ kankan.

## Ìtàn

George Cayley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpèjúwe ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ kan ní 1807. Robert Stirling, tí a bí ní Methven ní 1790, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ti rẹ̀ ní 1816. Ohun tuntun tí ó mú wá ni ìpamọ́ ooru: afẹ́fẹ́ tí ó ń bọ̀ láti apá gbígbóná ń fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń gbà á padà nígbà tí ó bá ń padà lọ. Ní 1818, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa omi ní ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ayrshire. Lásìkò náà, ìkòkò ńlá tí ó ń ho omi fún àwọn ẹ̀rọ olóoru omi a máa bú, a sì máa pa òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ìkòkò omi jẹ́ ìrètí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Robert àti àbúrò rẹ̀ James, tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe èyí tí ó tóbi fún ilé ìyọ́rin kan ní Dundee ní àwọn ọdún 1840. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irin ìgbà náà kò lè fara da iná. Sílíńdà apá gbígbóná ń bàjẹ́ léraléra, wọ́n sì pa á tì. Ní 1853, John Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, fi ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ òkun kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Fífẹ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan ju mítà mẹ́rin lọ, síbẹ̀ agbára ọkọ̀ náà kò tó, a sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ti ooru omi. Àwọn kékeré ni ó ṣe àṣeyọrí. Wọ́n fa omi fún oko àti ilé, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, a ń ta fáànù tí àtùpà kẹrosíìnì ń yí fún àwọn ilẹ̀ olóoru tí iná mànàmáná kò tíì dé.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Philips ní Netherlands tún gbé ẹ̀rọ náà dìde. Wọ́n ń wá ohun tí yóò máa fún rédíò ní iná ní ibi tí kò sí iná mànàmáná, tí kò sì ní pariwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 wọ́n ṣe jẹnẹrétọ̀ MP1002CA, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi wáàtì 200. Nǹkan bí 150 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Rédíò onítransístọ̀ ti ń bọ̀, bátìrì kékeré sì tó o.

Ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́ ìgbafẹ́ ní ìtàn tirẹ̀. Láti apá ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn onísẹ́ ohun ìṣeré ní Nuremberg, ní Jámánì, ti ń ta ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ kékeré fún àwọn ọmọdé. Ní 1983, Ivo Kolin ti Yunifásítì Zagreb fi ẹ̀rọ kan hàn tí omi gbígbóná lásán ń yí. James Senft ti Yunifásítì Wisconsin ní River Falls mú ọ̀nà náà tẹ̀síwájú títí ó fi ṣe èyí tí ìyàtọ̀ ìwọ̀n 0.5 °C tó láti yí, ní 1990. Ìwé Senft àti ti Andy Ross, *Making Stirling Engines* (1993), wà lára àwọn ìwé tí àwọn oníṣẹ́ ìgbafẹ́ mọ̀ dáadáa.

## Kíkan ẹ̀rọ alágolo

Ìwọ̀n tí ó wà nísàlẹ̀ yìí bá agolo tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 7 mu.

Sílíńdà. Agolo tí ìdí rẹ̀ kò lu ni a ń lò. Ìdí yìí ni yóò kọjú sí iná. A ń gé ìbọ̀lẹ̀ agolo mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ, a ń lẹ̀ ẹ́ yí orí rẹ̀ ká bí àwo, kí omi ìtutù lè dúró nínú rẹ̀.

Aṣínípò. Kànìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò dára fún un, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìpamọ́ ooru pẹ̀lú. A ń ká a di rìbìtì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, tí ó fi nǹkan bíi mìlímítà 2 jìnnà sí ara agolo yíká. Bí ó bá ń lọ sókè sódò ní sẹ̀ǹtímítà 3, yóò ku ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà lókè àti nísàlẹ̀, kò sì ní kan ibikíbi.

Ọ̀pá aṣínípò. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí ó tọ́ ni a ń lò. Ihò tí ó gbà kọjá lórí ìdérí ni ibi tí iṣẹ́ ti le jù. Bí ihò náà bá fún, ọ̀pá yóò há. Bí ó bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò jò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìdí péènì bíírò tí ó gba sípóòkù náà gẹ́lẹ́ ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ń fi epo díẹ̀ sí i.

Písítìnì. Nínú ẹ̀rọ alágolo, rọ́bà bàlúùnù tí a nà bo ẹnu páìpù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ni ó ń dípò písítìnì. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, tí ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta 10. Síríńjì onígíláàsì sàn jù ú lọ, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìfarakanra.

Kíráńkì àti wíìlì. Wáyà líle tí a tẹ̀ sí igun 90° ni kíráńkì. Àwo CD méjì tàbí mẹ́ta tí a lẹ̀ pọ̀ tó fún wíìlì. A ń lẹ irin kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti bá ìwúwo aṣínípò dọ́gba.

Òjé tí àwọn rìwáyà fi ń lẹ wáyà a máa yọ́ ní nǹkan bí 183 sí 190 °C, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà ní apá tí iná wà. Gọ́ọ̀mù náà kò gbọdọ̀ ju apá tútù lọ.

## Àbùkù tí ó wọ́pọ̀

Ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ kàn kì í sábà yí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe iná ni ó sábà ń kù. Ẹni tí ó bá kàn ń fi igi kún igi yóò kàn jó rọ́bà rẹ̀ ni.

* Jíjò. A ń ti rọ́bà wọlé pẹ̀lú ìka nígbà tí ẹ̀rọ tutù, kíráńkì kò sì tíì so mọ́ ọn. Bí rọ́bà bá dúró wọlé láìta ìka padà, afẹ́fẹ́ ti jò.
* Ìfarakanra. Bí a bá tú rọ́bà kúrò lára kíráńkì, tí a sì fi ìka ta wíìlì, ó yẹ kí ó yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó dúró. Bí ó bá dúró lójú ẹsẹ̀, ọ̀pá tàbí kíráńkì ni ó ń há.
* Igun òdì. Bí písítìnì bá ṣíwájú aṣínípò, ẹ̀rọ yóò fẹ́ yí sẹ́yìn. A ń ta á sí apá kejì wò kí a tó tú ohunkóhun.
* Orí tí ó gbóná. Ẹ̀rọ tí ó yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí ó sì dúró ti pàdánù ìtutù rẹ̀. Omi tuntun ni ó nílò.

## Iná, ìtutù àti ilẹ̀ Ìbàràpá

Ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìlú ńlá méje: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Táápá, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀. Gbágùúdá, àgbàdo àti ẹ̀gúsí wà lára ohun ọ̀gbìn wọn. Níbi tí a ti ń yan gàrí, iná igi ń jó lábẹ́ agbada fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ooru púpọ̀ sì ń bá èéfín lọ. Ṣùkù àgbàdo náà jẹ́ ohun ìdáná tí ènìyàn kò rà. Àwọn wẹ́dà, onípáànù, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní irinṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí nílò. Ooru àti ohun èlò kò wọ́n.

Ìtutù ni ó wọ́n. Ní ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ rẹ̀ ń wà ní nǹkan bí 32 °C lọ́sàn-án, apá tútù ẹ̀rọ kò tutù púpọ̀. Àṣà àtijọ́ kan lè ràn án lọ́wọ́: àmù amọ̀ a máa mú omi tutù nítorí pé omi tí ó ń rin ara rẹ̀ ń fà ooru lọ bí ó ti ń gbẹ. Aṣọ tútù tí a wé mọ́ orí sílíńdà ń ṣe bákan náà. Ọ̀yẹ́ ni àkókò tí ó bá a mu jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ olómi gbígbóná tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 90 °C. Bí apá òkè bá wà ní 32 °C, òdiwọ̀n Carnot jẹ́ nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí aṣọ tútù bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 22 °C, òdiwọ̀n náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú ojú, bí ó bá ka iye ìgbà tí wíìlì yí ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó wé aṣọ àti lẹ́yìn tí ó wé e. Irú ìdánwò báyìí yẹ ẹgbẹ́ JETS ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, torí pé kò nílò yàrá ìwádìí tàbí iná mànàmáná.

## Agbára rẹ̀ àti ibi tí ó mọ

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá ni bóyá ẹ̀rọ alágolo lè tan iná ilé tàbí gba ipò jẹnẹrétọ̀. Kò lè ṣe é. William Beale, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà ní Ohio, fi ọ̀nà ìṣirò kúkúrú kan sílẹ̀: agbára ẹ́ńjìnnì Stirling tí a ṣe dáadáa tó nǹkan bí 0.15, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, àyè tí písítìnì ń gbé, àti iye ìyípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Fún ẹ̀rọ alágolo tí a ṣe àpèjúwe rẹ̀ lókè, ìtẹ̀ jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ìta lásán, ìyẹn nǹkan bíi páskàlì 100,000. Àyè písítìnì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta 10. Ká ní ó ń yí ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èsì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 0.75. Èyí jẹ́ ti ẹ̀rọ tí kò jò tí kò sì há. Ti alágolo kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sí fóònù kékeré nílò nǹkan bíi wáàtì 5. Gílóòbù LED tín-ín-rín kan, tí ó ń gba nǹkan bíi wáàtì 0.06, ni alágolo tí a ṣe dáadáa lè tàn.

Ìṣirò náà fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Iná púpọ̀ sí i lábẹ́ agolo kò yí ìtẹ̀ ìpìlẹ̀, àyè písítìnì tàbí ìwà rọ́bà padà. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ń rí agbára nítorí pé gáàsì inú wọn ti wà lábẹ́ ìtẹ̀ tí ó pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po kí iná tó kàn án, pẹ̀lú irin tí ó lè fara dà á. Nítorí náà, fídíò èyíkéyìí tí ó bá fi agolo kan hàn tí ó ń tan gbogbo ilé kò bá ìṣirò mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó lé e. Èrè ẹ̀rọ alágolo ni ìmọ̀: ẹni tí ó bá kàn án tí ó sì yí ti fọwọ́ kan ooru, ìtẹ̀, ìfarakanra àti òfin Carnot.

## Ààbò

Ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ tí kò ní ìtẹ̀ àfikún wà lára àwọn ẹ̀rọ oníná tí ewu wọn kéré jù, ṣùgbọ́n ewu wà.

* A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi wọ inú sílíńdà tí a ti sé. Omi tí ó bá hó níbẹ̀ lè fọ́ agolo.
* A kò gbọdọ̀ fi páǹpù fún afẹ́fẹ́ sínú agolo láti wá agbára kún agbára. Afẹ́fẹ́ tí ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tí ó bá pàdé epo àti ooru lè gbiná, kí ó sì bú.
* Agolo tí ó ti gba epo bẹntiróòlù, tínà tàbí oògùn kòkòrò kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.
* Ìta tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni a ń dáná rẹ̀, nítorí pé èéfín èédú nínú yàrá tí a tì ń pa ènìyàn.
* Etí páànù tí a gé mú bí ọ̀bẹ. A ń ká a tàbí kí a fi fáìlì ra á. Ó yẹ kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú ọmọdé.

## Ìlò lónìí

Ẹ́ńjìnnì Stirling tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe wà nínú àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Sweden ti ẹ̀yà Gotland, níbi tí àìpariwo rẹ̀ ti wúlò. Bí a bá fi agbára yí ẹ̀rọ kan náà láti ìta, a máa fa ooru kúrò ní apá kan dípò kí ó lo ooru. Láti àwọn ọdún 1950 ni Philips ti ń lo ọ̀nà yìí láti sọ afẹ́fẹ́ di olómi. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́: William Thomson, tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin, fi àwòṣe ẹ̀rọ Stirling kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Glasgow ní àwọn ọdún 1840. Ẹ̀rọ alágolo ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju agolo mílíìkì àti iná ìdáná lọ.